Ẹni tí iná jó gan-an: omi tí yóò gbà àti ìtọ́jú tó yẹ ẹ́ ní ọjọ́ kìíní

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn kéékèèké ní Mushin, Bàrígà, Ṣómólú, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta àti Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo dìídì kọ èyí fún. Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé ẹni tí sílíńdà gáàsì tàbí epo jẹnẹrétọ̀ jó wá, nígbà tí gó-síló kò jẹ́ kí ọkọ̀ tètè dé ilé ìwòsàn ńlá. Ohun tí ẹ bá ṣe láàárín wákàtí méjì mẹ́ta yẹn ló máa ń pinnu bóyá kíndìnrín aláìsàn yóò ṣiṣẹ́ lọ́la. Ará ilé náà lè kà á, pàápàá apá ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí omi fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Bí iná bá ti jó àgbàlagbà tó bí ìdá 20 nínú 100 ara rẹ̀, tàbí tó jó ọmọdé tó ìdá 10, kì í ṣe ojú ọgbẹ́ nìkan ló ń jò mọ́. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké káàkiri ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Omi àti iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á máa sá lọ sínú ẹran ara, ìdí nìyẹn tí ojú àti ọwọ́ fi ń wú. Wákàtí 8 sí 12 àkọ́kọ́ ni jíjò yìí máa ń le jù, ó sì máa ń rọlẹ̀ nígbà tó bá fi máa pé wákàtí 24 tàbí kó lé díẹ̀. Bí a kò bá dá omi náà padà, ẹ̀jẹ̀ á ki, ìfúnpá rẹ̀ á já wálẹ̀, kíndìnrín á dákẹ́ iṣẹ́. Aláìsàn náà lè máa bá yín sọ̀rọ̀ geere nígbà tó dé, kí ẹ rò pé kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tàn yín.

Níbi tí iná ti ṣẹlẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ pa iná náà. Tí aṣọ bá ń jó lára ènìyàn, kó dùbúlẹ̀ kó máa yí gbirigbiri, tàbí kí ẹ fi aṣọ tó nípọn bò ó mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ iná mànàmáná, ẹ pa á láti ojú súìtì ńlá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ bọ́ aṣọ tí epo ti rin gbingbin; èyí tó bá lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ gé etí rẹ̀ kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka, aago, ẹ̀gbà ọwọ́, kí ẹ sì gé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ, torí pé láìpẹ́ ara á wú, wọn ò ní ṣeé bọ́ mọ́, wọ́n á sì fún ẹ̀jẹ̀ pa.

Lẹ́yìn náà ni omi. Omi lásán tó ń ṣàn, fún ìṣẹ́jú 20. Kódà bí ó bá ti tó wákàtí kan tàbí méjì tí iná ti jó o, ó ṣì wúlò títí di wákàtí mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ omi kì í sábà ṣiṣẹ́ nílé onífesi-mí-ai-fesi-yú wa. Ẹ lo gáríwá àti kọ́ọ̀bù, tàbí kí ẹ já pọ́ọ̀ wọ́tà ní igun kan, kí ẹ máa rọ́ ọ sí ojú ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Báàgì kan tàbí méjì yóò tó fún apá ẹnì kan. Ẹ má lo yìnyín, ẹ má sì lo omi inú fíríìsà. Tí ibi tó jó bá pọ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọdé, ojú ibi tó jó nìkan ni kí ẹ máa da omi sí, kí ẹ fi aṣọ bo ìyókù ara. Bó bá ti ń gbọ̀n, ẹ dáwọ́ omi dúró, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wé e. Òtútù máa ń pa ẹni tí iná jó, bó ti wù kí Èkó móoru tó.

Ẹyin tútù, epo pupa, omi ògì, iyọ̀, ọṣẹ ìfọyín, kẹrosíìnì: ẹ má fi ìkankan nínú wọn sí i. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú kí ìyá ọmọ fọ́ ẹyin náà. Àmọ́ kòkòrò àrùn ń bẹ nínú ẹyin tútù, gbogbo ohun tí wọ́n bá sì fi lẹ̀ ẹ́ ni àwa máa ní láti ha kúrò lójú ọgbẹ́ tó ń ta ṣíoṣío kí a tó lè rí bó ṣe jìn tó.

Ẹ fi ọ̀rá tó mọ́, èyí tí a fi ń wé oúnjẹ, bò ó. Ẹ tẹ́ ẹ lé e, ẹ má wé e yí apá tàbí ẹsẹ̀ ká, torí wíwú ń bọ̀. Bí kò bá sí ọ̀rá, ìró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tó.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ kọ aago tí iná jó o sílẹ̀. Mo ti rí i kí ẹbí mẹ́rin tẹ̀lé aláìsàn wá kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má mọ aago. Ẹ pe 767 tàbí 112, kò gba owó, ọkọ̀ áńbúláǹsì ìjọba Èkó á wá. Ibùdó ìtọ́jú iná àti ìfarapa wà ní Ilé Ìwòsàn Gbogbogbò Gbàgádà. LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH ní Ìkẹjà àti ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìgbóbì náà ń tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá jìn tàbí tó dí, ilé ìwòsàn tó súnmọ́ tó lè fa omi sí i lára ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ilé ìwòsàn náà kò sì gbọdọ̀ ní kí wọ́n mú owó wá ná: Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, ní abala 20, sọ pé wọn kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kí ìdí rẹ̀ jẹ́.

Ó ti dé ọ̀dọ̀ yín: ẹ wo èémí kí ẹ tó wo ọgbẹ́

Ojú ọgbẹ́ máa ń fa ojú mọ́ra. Ẹ mú ojú kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ṣé inú yàrá tó ti pa mọ́ ni iná ti jó o? Ṣé èédú wà nímú tàbí nínú itọ́ rẹ̀? Ṣé irun imú ti rún? Ṣé ohùn rẹ̀ ti há, tàbí ó ń mí pẹ̀lú ariwo? Ìkankan nínú èyí fi hàn pé èéfín àti ooru ti wọ ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà náà sì lè wú dí láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ fún un ní ọ́síjìn tó pọ̀, lítà 15 ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú ìbòjú oníàpò. Ẹ gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè. Ẹ pe dókítà tó lè ki rọ́bà sí ọ̀nà ọ̀fun lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí kò bá lè mí mọ́, torí nígbà yẹn rọ́bà lè má kọjá mọ́.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ tí a ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tó jáde látinú èéfín. Ẹ̀rọ náà kò dá èéfín olóró inú ẹ̀jẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ọ́síjìn. Ó lè kọ 98 síta fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò rí afẹ́fẹ́ gbà. Ọ́síjìn ni kí ẹ fún un, iye yòówù tó wà lójú ẹ̀rọ.

Bí ó bá fò látorí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tàbí tí sílíńdà gbé e sọnù, ẹ wá egungun tó ṣẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí iná máa ṣe é.

Ẹ tètè yẹ ojú rẹ̀ wò bí iná bá kan ojú, nítorí ìpéǹpéjú á wú pa. Kí ó tó wú pa ni kí ẹ sọ fún un pé: “Màmá, ojú yín máa wú títí kò ní ṣeé là mọ́. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ ò fọ́jú. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta ó máa là.” Ẹni tí kò gbọ́ èyí tẹ́lẹ̀ á máa kígbe lóru pé ojú òun ti lọ, ẹ̀rù á sì wọ̀ ọ́ ju ìrora lọ.

Ọ̀nà omi méjì, kì í ṣe ọ̀kan

Ẹ fi kánúlà ńlá méjì, rọ́bà tí omi ń gbà wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, sí i: aláwọ̀ eérú tàbí aláwọ̀ ewé, ìyẹn nọ́ńbà 16 tàbí 18. Aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú kò lè gbé omi tí a fẹ́ gbà á. Ibi tí awọ ti wà pérépéré ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí kò bá sí, ẹ lè gún un láàárín ibi tó jó. Pílásítà kò ní lẹ̀ mọ́ awọ tó jó, bándéèjì ni kí ẹ fi dì í mú. Kí ẹ tó so omi pọ̀, ẹ fa ẹ̀jẹ̀ fún ìwọ̀n PCV (bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó), iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, ṣúgà àti irú ẹ̀jẹ̀.

Omi dírípù tó yẹ ni Ringer's lactate. Bí kò bá sí nílé, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú normal saline (omi iyọ̀) kí ẹ má bàa jókòó lásán, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí èyí tó yẹ bá ti dé. Saline púpọ̀ máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ kan. Omi oníṣúgà kọ́ la fi ń dá omi padà fún àgbàlagbà.

Bí ẹ bá gún un títí tí iṣan kò ṣeé rí, tí kò sì sí ẹni tó lè gún un sínú egungun, ẹ má jókòó. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá, tí kò ń bì, ẹ máa fún un ní ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń mu) díẹ̀díẹ̀, ẹnu kọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ìkejì, títí ọkọ̀ á fi dé. Òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́ gan-an, á máa bẹ̀bẹ̀, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, pọ́ọ̀ wọ́tà kan péré.” Omi lásán púpọ̀ á tún fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dànù. Ẹ fi òwú tó tutù nu ètè rẹ̀, kó jẹ́ pé ORS ni yóò mu bó bá yẹ kó mu nǹkan.

Báwo ló ṣe jó tó?

Ẹ kọ́kọ́ fọ èédú àti ohun tí wọ́n fi pa á kúrò. Lẹ́yìn náà ẹ lo òfin mẹ́sàn-án tí Alexander Wallace gbé jáde ní 1951. Fún àgbàlagbà, nínú 100: orí àti ọrùn 9, apá kọ̀ọ̀kan 9, iwájú ara láti èjìká dé ìsàlẹ̀ ikùn 18, ẹ̀yìn 18, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan 18, ojú ara 1. Ibi tó bá jó kélekèle, àtẹ́lẹwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìka rẹ̀ tó pa pọ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 1. Ọwọ́ tirẹ̀ ni o, kì í ṣe ọwọ́ nọ́ọ̀sì.

Ibi tí aṣìṣe ti pọ̀ jù nìyí. Ibi tó kàn pọ́n tàbí tó gbóná tí awọ rẹ̀ kò ṣí, a kì í kà á. Lára adúláwọ̀, pípọ́n kì í sábà hàn, nítorí náà ẹ fọwọ́ kàn án: bí awọ bá ń bó, tó bá ní iléròrò, tàbí tó tutù tó sì ń dán lábẹ́ rẹ̀, ẹ kà á. Ibi tó ti le bí awọ bàtà, tó funfun tàbí tó dúdú, tí kò sì mọ̀ pé ẹ ń gún òun, ẹ kà á pẹ̀lú. Ibẹ̀ ló jìn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn ún. Kí nọ́ọ̀sì méjì wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n wá fi iye wọn wé ara wọn.

Ìṣirò náà, pẹ̀lú àpẹẹrẹ kan

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ wa kọ́ nílé ìwé ni ti Parkland, tí Charles Baxter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Dallas ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1960 sí 1969: mílílítà 4, lọ́nà ìwọ̀n kílò, lọ́nà ìdá tó jó. Ìdajì rẹ̀ ní wákàtí 8 àkọ́kọ́, ìdajì kejì ní wákàtí 16 tó kù. Lónìí ọ̀pọ̀ ibùdó ń bẹ̀rẹ̀ àgbàlagbà láti orí 2 dípò 4, torí wọ́n rí i pé a ti ń rọ omi jù. Èyí tí dókítà yín bá ń lò ni kí ẹ tẹ̀lé. Ọ̀nà ìṣirò kan náà ni.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó wọn kílò 60. Gáàsì bú gbàmù ní agogo 7 àárọ̀. Iwájú ara rẹ̀ jó látòkè délẹ̀, 18. Apá ọ̀tún jó tán, 9. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta lórí itan, 3. Àpapọ̀ 30. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ yín ní agogo 9.

4 × 60 × 30 = 7,200 mílílítà fún wákàtí 24. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 3,600.

Wákàtí 8 yẹn kò bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wọlé yín. Agogo 7 ló bẹ̀rẹ̀, ó sì máa parí ní agogo 3 ọ̀sán. Wákàtí 6 péré ló kù. 3,600 pín sí 6 jẹ́ 600 mílílítà ní wákàtí kan. Bí ilé ìwòsàn mìíràn bá ti fún un ní 500, ẹ yọ ọ́ kúrò: 3,100 pín sí 6, nǹkan bí 517. Láti agogo 3 ọ̀sán títí di agogo 7 àárọ̀ ọjọ́ kejì, 3,600 pín sí 16, ìyẹn 225 ní wákàtí kan. Ẹni tó ń lo 2 á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 300, á sì bọ́ sí nǹkan bí 113.

Bí ẹni náà bá pẹ́ kó tó dé, bí wákàtí 6 lẹ́yìn tí iná jó o, nọ́ńbà náà á di ńlá gan-an. Ẹ má rọ́ ọ sí i lára lẹ́ẹ̀kan náà nítorí àtilé àkókò bá. Ẹ pe dókítà, kí ẹ jọ wo ìfúnpá àti ìtọ̀ kí ẹ tó pinnu.

Ẹbí ló ń lọ ra omi ní kẹ́mísítì, a mọ̀. Nítorí náà ẹ sọ gbogbo iye rẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan: 7,200 jẹ́ àpò 15 ti 500 mílílítà. Ẹ má rán wọn lẹ́ẹ̀meje. Ìgbà tí omi bá tán tí ẹbí ṣì wà lójú ọ̀nà ni aláìsàn máa ń pàdánù wákàtí tí kò ní rí gbà padà.

Kíka ẹ̀kán omi láìsí ẹ̀rọ

Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀rá rọ́bà dírípù, ó kọ iye ẹ̀kán tó wà nínú mílílítà kan síbẹ̀. Bó bá jẹ́ 20, ẹ pín iye mílílítà wákàtí kan sí 3, èyí tó jáde ni ẹ̀kán ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ 15, ẹ pín in sí 4. Bó bá jẹ́ 60, ti àwọn ọmọdé, iye kan náà ni.

Ti obìnrin wa: 600 pín sí 3 jẹ́ 200 ẹ̀kán ní ìṣẹ́jú kan. Kò sí ojú tó lè ka ìyẹn. Ìdí tí a fi gún ọ̀nà méjì nìyẹn: 300 ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, 100 ẹ̀kán ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó bá di 225, ọ̀nà kan tó, 75 ẹ̀kán.

Ẹ lẹ pílásítà funfun mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpò omi láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ fi bírò kọ aago sí i: ibi tí omi gbọ́dọ̀ dé ní agogo 10, ní agogo 11. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín lóru tí iná ìjọba sì lọ, iná fóònù ni yóò tàn sí i, á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá omi ti pẹ́ lẹ́yìn. Ara títẹ̀ lásán máa ń yí ìyára ẹ̀kán padà, torí náà ẹ tún kà á nígbàkúùgbà tí aláìsàn bá yí ìhà. Bí ẹ bá lè mú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ kí ó tó wọ̀ ọ́ lára, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìtọ̀ ni adájọ́

Gbogbo ìṣirò tí a ṣe lókè yìí, ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ló sọ. Ibi tí a ó dé, ìtọ̀ ni yóò sọ ọ́. Ẹ fi kátẹ́tà, rọ́bà tí ìtọ̀ ń gbà jáde, sí i kíá, pàápàá bí ojú ara bá jó, torí wíwú lè dí ọ̀nà náà. Ẹ da ìtọ̀ tó ti wà nínú àpòòtọ̀ tẹ́lẹ̀ nù lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ ọ́, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n ní wákàtí wákàtí.

Àgbàlagbà yẹ kó máa tọ̀ mílílítà 0.5 fún kílò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan. Obìnrin kílò 60, ó kéré tán 30. Láàárín 30 sí 50 ló dára. Bí ó bá wà lábẹ́ 30, ẹ fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 kún ìyára omi: 600 á di 720. Bó bá ju 50 lọ, ẹ fi ìdá 20 dín in: 600 á di 480. Wákàtí tó tẹ̀lé e, ẹ tún wò ó. Bí ìtọ̀ bá dúró pátápátá, ẹ kọ́kọ́ wo rọ́bà, bóyá ó ká tàbí ó dí, kí ẹ tó fi omi kún un.

Omi àpọ̀jù náà ń pani. Bó bá ń wúkọ́ tí èémí ń hán, bí ikùn bá le gbagidi tí ìtọ̀ sì ń dín kù, ẹ pe dókítà. Bí gbogbo omi ọjọ́ kan bá ń lọ sí 250 mílílítà fún kílò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn lítà 15 fún ẹni kílò 60, ó ti kọjá ibi tó yẹ kí nọ́ọ̀sì nìkan máa bá a yí.

Ẹ kọ ìwọ̀nyí sórí ìwé kan ṣoṣo, ní wákàtí wákàtí: omi tó wọlé, ìtọ̀ tó jáde àti àwọ̀ rẹ̀, ìlù ọkàn, ìfúnpá, èémí, bí orí rẹ̀ ṣe pé sí. Ọkàn tó ń lù ní 100 sí 120 kì í yà wá lẹ́nu lára ẹni tí iná jó. Èyí tó ń gòkè láti 120 sí 140 tí ìtọ̀ sì ń dín ló yẹ kó yọ yín lẹ́nu.

Ẹni tí iná mànàmáná jó yàtọ̀. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè kéré nígbà tí ẹran inú ti sè. Bí ìtọ̀ bá pọ́n dúdú bí omi sóbò, ẹran tó ti kú ló ń wọ inú kíndìnrín. Ẹ gbé omi sókè títí yóò fi máa tọ̀ 75 sí 100 mílílítà ní wákàtí kan tí ìtọ̀ á sì mọ́. Ẹ wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù lójú ẹ̀rọ ECG. Ti ásíìdì, omi ni, omi púpọ̀, fún ìgbà pípẹ́, kí ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀ kí ẹ sì dáàbò bo ọwọ́ tiyín.

Ọmọdé

Omi gbígbóná ló ń jó wọn jù: ìkòkò ọbẹ̀ tó wà nílẹ̀, kẹ́tùlù tí ọmọ fa wáyà rẹ̀. Orí ọmọ tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, torí náà òfin mẹ́sàn-án àgbàlagbà kò bá a mu. Fún ọmọ ọdún kan, orí jẹ́ 18, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan 14, ìyókù dúró bó ṣe wà. Fún ọdún kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ 1 lórí, ẹ fi ìdajì kún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi pé ọmọ ọdún 10.

Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, ẹ fi 4 kún ọdún rẹ̀ kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ọmọ ọdún kan á jẹ́ kílò 10. Ká ní omi gbígbóná jó o tó ìdá 20 ní agogo 12 ọ̀sán, ó sì dé ní agogo 1. Fún ọmọdé, 3 ni ká fi bẹ̀rẹ̀ dípò 2 tàbí 4: 3 × 10 × 20 = 600. Ìdajì, 300, gbọ́dọ̀ wọlé kí agogo 8 alẹ́ tó lù: 300 pín sí 7, nǹkan bí 43 ní wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, 19 ní wákàtí kan títí di agogo 12 ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Àmọ́ ọmọ kò ní ṣúgà tó pọ̀ nípamọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ó gbọ́dọ̀ gba omi ojoojúmọ́ rẹ̀, tí ṣúgà wà nínú rẹ̀: mílílítà 4 ní wákàtí kan fún kílò kọ̀ọ̀kan nínú 10 àkọ́kọ́, 2 fún 10 tó tẹ̀lé e, 1 fún ìyókù. Ọmọ wa á gba 40. Kí omi náà jẹ́ èyí tí iyọ̀ rẹ̀ pé tí ìdá 5 ṣúgà sì wà nínú rẹ̀. Èyí tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan lè mú kí ọpọlọ ọmọ wú kí gìrì sì mú un. Ẹ lo sólúsẹ́ẹ̀tì tó ní ìwọ̀n lára, kí gbogbo àpò má bàa ṣàn wọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ bá yíjú. Ìtọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó mílílítà 1 fún kílò kan ní wákàtí kan. Ẹ máa wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Ẹ má bi ìyá náà léèrè níwájú ọmọ pé níbo ló wà nígbà tó ṣẹlẹ̀. Bí ojú ọgbẹ́ bá jọ èyí tí wọ́n ki ọmọ bọ omi, tó ní ìlà tó gún régé ní ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ sọ fún dókítà níkọ̀kọ̀.

Ìrora, ọgbẹ́ àti ara

Abẹ́rẹ́ ìrora, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni kó máa gbà wọlé, díẹ̀díẹ̀, bí dókítà bá ṣe kọ ọ́. Ẹ má gún un sí ìdí tàbí itan. Ní wákàtí àkọ́kọ́ ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ dáadáa, ẹ ó rò pé kò ṣiṣẹ́, ẹ ó tún gún un. Nígbà tí omi bá ti wọ ara tán, gbogbo rẹ̀ á ya wọ ẹ̀jẹ̀ pọ̀, èémí á sì dúró. Ẹ ka èémí rẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Egbòogi apakòkòrò kò pọn dandan ní ọjọ́ kìíní tí kò bá sí àmì àrùn, bí ẹbí bá tilẹ̀ ń bèèrè rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa gbé e lọ síbòmíràn, ẹ má fi ìpara funfun pa á, torí ó máa ń bo bí ọgbẹ́ ṣe jìn tó. Ọ̀rá tó mọ́ tàbí gọ́ọ̀sì tó mọ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì lókè rẹ̀, ó tó. Ẹ pa fáànù.

Ibi tí iná bá jó yí apá, ẹsẹ̀ tàbí ìka ká, ẹ gbé e sórí ìrọ̀rí kó ga ju àyà lọ, kí ẹ máa wo ìka ní wákàtí wákàtí: ṣé ó tutù, ṣé ó ti kú tipiri, ṣé ẹ̀jẹ̀ ń padà bí ẹ bá tẹ èékánná? Bí kò bá dára, dókítà gbọ́dọ̀ la awọ líle náà kí ẹran ìsàlẹ̀ má bàa kú. Tó bá yí àyà ká, tí àyà kò lè gbòòrò, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú ni. Ọrùn tó jó, ẹ má fi ìrọ̀rí sábẹ́ orí rẹ̀; orí bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ gbé sókè. Ìrọ̀rí á ká ọrùn náà, bó bá sì jinná báyìí, á lẹ̀ mọ́ àyà.

Ẹni tó jó ju ìdá 20 lọ, ẹ ki rọ́bà imú sí i. Ikùn rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa ní wákàtí àkọ́kọ́, ó lè bì kó sì fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí dókítà bá ti gbà, kí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú rọ́bà yẹn kí ọjọ́ kìíní tó parí. Lẹ́yìn náà ni ẹja, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín àti ẹyin á wúlò, nítorí ara tó ń wo ọgbẹ́ iná ń jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ sọ fún ẹbí pé ẹnu ni kí ẹyin náà gbà wọlé.

Bí ẹ bá máa gbé e lọ sí Gbàgádà tàbí ibòmíràn

Ẹ kọ́kọ́ pe ibi tí ẹ ń gbé e lọ, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀dì wà. Kí nọ́ọ̀sì kan bá a lọ nínú ọkọ̀, kí àpò omi méjì tó pọ̀ ju ohun tí ẹ rò lọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Third Mainland lè dí nígbàkúùgbà. Kí ọ́síjìn tó wà nínú sílíńdà tó ìlọ́po méjì àkókò ìrìn. Ẹ má yọ kátẹ́tà, ẹ má sì jẹ́ kí dírípù dúró nítorí ọkọ̀ ń mì.

Lẹ́tà yín kò gbọ́dọ̀ gùn. Aago tí iná jó o. Ohun tó jó o. Ìwọ̀n kílò rẹ̀ àti ìdá tó jó, pẹ̀lú àwòrán ara tí ẹ fi bírò kùn. Omi mélòó ló ti gbà, láti agogo mélòó. Ìtọ̀ mélòó ló ti jáde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Oògùn wo ló gbà, nígbà wo. Àìsàn tó ní tẹ́lẹ̀ àti oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí fóònù náà wà ní títàn, torí wọ́n máa pè yín lálẹ́ láti bèèrè nǹkan tí kò sí nínú lẹ́tà.